Ọrun Àkọ́kọ́ Tí Mo Rà ní Ṣakí

Alùpùpù tó kọjá yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba etí mi lọ. Ẹ jẹ́ kí ariwo rẹ̀ lọ tán ná kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́dọ̀ọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Àgó-Àmọ́dù níbí, ohun tí etí máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni odó, lẹ́yìn náà ni àwọn àparò tó ń ké nínú pápá lẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n súnmọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí o máa rò pé àwọn náà ń san owó-orí. Lónìí, ẹ lè rìn láti ibí dé Ṣakí kí ẹ má gbọ́ ohùn àparò kan ṣoṣo. Oko kajú ló kún ibẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ ẹran ìgbẹ́, inú fíríìjì onífíríìjì ni yóò ti wá a.

Mo rí ọ̀kan nínú yín lánàá tó ń fi rọ́bà ta òkúta sí aláǹgbá. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹrin, kò bà á. Aláǹgbá náà kò tilẹ̀ sá, ó kàn ń mi orí. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè. Ẹ má bínú, kì í ṣe ìkà. Ara mi ni mo rí. Ẹ wá jókòó kí n sọ bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí pé mo máa to ọ̀rọ̀ bí tíṣà ṣe ń to iṣẹ́ sójú pátákó. Ibi tí ó bá ti já lulẹ̀, ẹ bá mi ṣà á.

Ní ayé ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé dáadáa, tí a ti wa iṣu tán, tí tábà sì ti gbẹ lórí àjà, àwọn àgbà ọdẹ a dájọ́ láti sun pápá. Wọn kì í kàn ṣáná sí i bí àwọn èyí tó ń ju sìgá sínú koríko nísinsìnyí o. Wọ́n á kọ́kọ́ ro etí pápá náà yíká kí iná má baà ya wọ oko olóko. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọkùnrin á yí i po, iná á máa jó láti ọ̀kánkán afẹ́fẹ́, ẹran á sì máa sá jáde sọ́dọ̀ wa. Ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ rò ó wò fúnra yín: bí àwa bá yí pápá po, tí ẹni tó wà ní ìhà ìhín yìnbọn, ta ni ọta rẹ̀ máa bá ní ìhà ọ̀hún? Àna rẹ̀ ni! Nítorí náà, ṣakabùlà dúró sílé. Kùmọ̀, ajá àti ọrun ló ń lọ.

Ẹni tí kò ní ọrun, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mú ewé tútù kí ó máa fi pa iná tó bá fẹ́ kọjá ààlà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi pa iná. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún, irùngbọ̀n ti ń hù. Bí a bá ń bọ̀ wálé, èéfín á ti sọ ojú mi di ti ẹni tó sunkún láti àárọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó wà létí kànga á máa kí àwọn ẹgbẹ́ mi pé, "Ẹ kú oríire o, ẹ kú ọdẹ." Wọ́n á wá bojú wò mí. "Ẹ̀yin náà, ẹ kú iná."

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Ràímì, tó ti ra ọrun tirẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ, bí o bá tún pa iná lọ́dún yìí, wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ò sì ní kúrò lára rẹ mọ́."

"Orúkọ wo?"

"Mi ò ní sọ ọ́. Èmi ni mo ń ronú rẹ̀ lọ́wọ́."

Bí mo ṣe gba owó tábà mi lọ́dún náà, a wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ṣakí. Ìgbà tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn àgbà inú ọkọ̀ ṣì ń fi sílè ṣírò gbogbo nǹkan, wọ́n sì ń bá kọ̀ndọ́ jà lórí rẹ̀ títí tí a fi dé.

Bàbá tó ń gbẹ́ ọrun, Bàbá Àrẹ̀mú ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ìhà Ìjió lẹ́bàá ẹnubodè ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Ṣakí. Wọn kì í gbé ọjà wọn síta bí ẹni ń ta ìgbálẹ̀. Inú ilé ìdáná ni àwọn ọrun náà máa ń wà, èéfín á máa rọra ṣe wọ́n fún oṣù mélòó kan, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì máa dán. Abẹ́ igi máńgòrò la bá wọn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha igi lára, háá, háá, háá. Mo ṣì lè gbọ́ ohùn ọ̀bẹ yẹn bí mo bá dákẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni a wí, àwa méjèèjì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde. Ta ló ń ra ọrun nínú yín?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi pẹran ni."

"Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra ọrun láti fi ro ọkà. Èwo lo fẹ́?"

Èmi, èyí tó ga jù lọ ni mo na ọwọ́ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Mo ti ń rí ara mi bí mo ṣe máa gbé e kọ́ èjìká kọjá létí kànga. Bàbá Àrẹ̀mú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n yọ obì kan láti inú àpò ẹ̀wù wọn.

"Ó dáa. Gbé e. Fa ọsán rẹ̀ dé etí, kí o sì dì í mú títí n ó fi pa obì yìí tán. Bí mo bá pa á tán kí apá rẹ tó gbọ̀n, máa mú ọrun lọ, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Ràímì ti ń fò sókè. Mo fa ọsán náà. Bàbá gbé obì sókè, wọ́n wò ó. Wọ́n fi ẹ̀wù nù ún. Wọ́n tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìjọba. Apá mi ti ń ṣe bí ewé àgbàdo.

"Bàbá," ni mo wí láàárín eyín, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa obì yẹn kíá."

"Ṣé ó ń sá lọ ni?"

Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọsán bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì nà mí lápá òsì, páá! Ojú mi ṣókùnkùn. Ràímì dùbúlẹ̀ sínú èérún igi, ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ẹ wò ó, àpá náà rè é. Ó ti kéré báyìí, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Bàbá Àrẹ̀mú kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n mú èyí tó kúrú jáde. "Ọrun tí o kò lè fà, òun ni yóò máa fà ọ́ kiri. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, òótọ́ ni, àmọ́ ti àgbàlagbà náà kò wọ akèrègbè. Mú èyí. Ó lè wọ ibi tí ńlá kò lè wọ̀."

Mo fà á. Ó gbà fún mi. Ó dún *wún* létí mi bí ìgbà tí oyin bá kọjá, ìtìjú sì kúrò lójú mi.

Wọ́n wá to ẹrù mi jọ sórí ẹní. Apó awọ ewúrẹ́ kan tí ọfà mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ọ̀pá wọn láti ara esùsú, ẹnu wọn láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ọsán méjì, ọ̀kan lára ọrun, ìkejì nínú apó, nítorí bí ọsán bá já lọ́wọ́ ọdẹ tí kò ní òmíràn, ọrun ti di ọ̀pá nìyẹn, kí ó máa fi tilẹ̀ lọ sílé. Awọ fífẹ̀ kan tí mo máa so mọ́ apá, èyí tí ǹ bá ti so kí n tó fa ti àkọ́kọ́ yẹn ká ní mo gbọ́n. Ọ̀bẹ kékeré kan nínú àkọ̀. Mo bèèrè nípa oró tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọfà, Bàbá ní, "Oró kẹ̀? Pa ìbẹ́pẹ ná."

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí padà. Ohùn wọn yí.

"Ṣé Mùsùlùmí ni yín nílé yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbọ́. Kí ọfà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí Bísímílàhì ti kúrò lẹ́nu rẹ. Bí ẹran bá ṣubú, sáré, kí ọ̀bẹ rẹ bá a láàyè. Èyí tí o bá bá ní òkú, fi sílẹ̀ fún igún. Igún náà ní ìyàwó nílé. Ẹran àkọ́kọ́ tí o bá sì pa, má fi ẹnu kàn án. Àwọn tó tọ́ ẹ dàgbà ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Etí mi gbọ́ lóòótọ́.

Nílé, Ìyá Àgbà ló ń darí wa. Ìyá bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Mùdá. Obìnrin kúkúrú, tí kì í jẹ ohun tí kò dá wọn lójú. Wọn kì í jẹ ẹran láti ilé tí wọn kò bá mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀. Àní wọ́n á kọ́kọ́ bi adìẹ léèrè ìdílé. Mùdá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó láti Ṣakí ni, Àṣàkẹ́, ọmọ tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ẹ̀yin ayé òde òní ń pe àbúrò ọkọ yín lórúkọ gbàá bí ẹni ń pe ajá. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kò jẹ́ pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Yóò sọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó wù ú. Èmi, Akọ̀wé ló sọ mí, nítorí ìwé mẹ́fà yẹn.

Mo fi ẹ̀yìn ilé ṣe ibi ìdánrawò. Mo ta ìbẹ́pẹ, mo bá ògiri. Mo ta ògiri, mo bá pápá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, ọfà mi wọ inú ìkòkò omi Àṣàkẹ́, omi ń tú jáde ṣùrùrù. Ó jáde sí mi pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí.

"Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìkòkò mi ni ẹtu tí ẹ pa lónìí?"

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ náà ló máa pọn omi mìíràn?"

Èmi ni mo pọn ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin etí kànga rí ọdẹ tó gbé ìkòkò lérí. Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ọjọ́ tí a sun pápá dé. Ẹ̀yin kò tíì gbọ́ ohùn pápá tó ń jó. Ó ń ta pàrápàrá bí òjò orí páànù, tata ń fò jáde bí ẹni da yangan síta, àwọn àṣá sì pọ̀ lójú sánmà, wọ́n ń bọ̀ wá jẹ nínú àsè. Ọyẹ́ mú, iwájú wa gbóná, ẹ̀yìn wa tutù. Mo dúró ní àyè mi, ọfà lórí ọsán. Ehoro kan kọjá, mi ò tilẹ̀ rí i títí tó fi lọ. Ni ẹtu kan bá jáde láàárín koríko níwájú mi. Ó dúró. Ó wò mí.

Bísímílàhì ò wá sẹ́nu mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ràímì, wò ó!" Ọfà sì ti lọ.

Ó wọ̀ ọ́ ní ìhà. Ó fò sókè, ó sáré, mo sáré tẹ̀lé e, ẹ̀gún gún mi, mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo fi máa dé ibi tó ṣubú sí, ó ti kú. Mo gbé etí lé e. Mo mi orí rẹ̀. Kò mí. Igún ti ń yí lókè, bíi pé ẹnì kan ti ránṣẹ́ pè é.

Mo lè fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àrẹ̀mú wà létí mi. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo fi pa iná, ẹ̀yin ọmọ. Mo yọ ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀, mo gé e lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, ó ń rọra ń kán. Ràímì dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé o bá a láàyè?"

"Ó ń mí," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ó yọ̀ lẹ́nu mi bí omi ilá.

Bí a ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ tán. Wọ́n fi ẹtu náà kọ́ mi lọ́rùn, ọrun léjìká, gbogbo etí kànga dìde. "Ẹ kú oríire o, ọdẹ!" Kò sẹ́ni tó dárúkọ iná. Ìyá Àgbà jáde, wọ́n jó yí mi ká lẹ́ẹ̀mẹta, ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n se ẹran náà, gbogbo agbo ilé jẹ, tí wọ́n ń lá ìka. Èmi nìkan ni mi ò jẹ, nítorí ẹni tó pa ẹran àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo ṣe: gbogbo ilé ń jẹ òkú-ǹbete, ẹran tó dá kú, àtọmọdé àtàgbà, ẹni tó fi fún wọn ló fi ẹnu mímọ́ jókòó ti ògiri.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún mi. "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi harámù bọ́ wa láéláé." Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ó sì ta mí lẹ́nu bí ata ìjọ̀sì.

Bí ó bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti yọ itan kan sọ́tọ̀, wọ́n gbé e sórí àjà ìdáná kí èéfín máa yan án. Àbúrò wọn, Alfa Bùsàírì, wà ní Mẹ́kà. Kò ní pẹ́ dé, yóò sì di Alhájì. "Itan yìí ni n ó fi pàdé rẹ̀," ni wọ́n ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, "ẹran halálì láti ọwọ́ ọmọ mi." Ojoojúmọ́ ni mo ń wo itan yẹn, òun náà ń wò mí. Kí ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù, kí ó wá fi òkú-ǹbete mi ṣí ẹnu? Mi ò lè sọ òótọ́. Mi ò sì lè jẹ́ kí ó jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn wà lóko, mo gbé itan náà, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀gán lẹ́yìn ilé, mo sin ín. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní ológbò ló gbé e.

Ìyá Àgbà kò ní ológbò ló gbé e. Àṣàkẹ́ ló ń dáná lọ́sẹ̀ náà, ó sì ti lóyún oṣù mẹ́ta. Gbogbo ayé mọ̀ bí aboyún ṣe ń yán hànhàn ẹran. Ó ku ọjọ́ kan kí Alhájì dé ni Ìyá Àgbà nawọ́ sórí àjà, wọn kò bá nǹkan kan. Mo wà lóko, ibẹ̀ ni mo sùn. Wọn ò pariwo, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn obìnrin tó wá bá wọn ṣa ìrẹsì: "Ìyàwó tó bá ń jẹ ẹran àlejò, kí ló máa fi sílẹ̀ fún onílé?" Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé kànga, láti kànga ó ti yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Mùdá wà ní abà. Kò sí ẹni tó máa gbèjà ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, mò ń bọ̀ láti oko, mo bá Àṣàkẹ́ lójú títì Ṣakí pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ kí mi síbẹ̀síbẹ̀. Kíkúnlẹ̀ yẹn ló pa mí.

"Ìyàwó wa, níbo?"

"Ilé bàbá mi ni, Akọ̀wé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ò jẹ ẹran wọn. Ebi ò pa mí rí nílé wa débi tí mo máa jalè."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò jẹ ẹ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo gbé àpótí náà lérí mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Akọ̀wé, ẹ gbé àpótí mi sílẹ̀!"

Mo ti ń lọ. Ó ń tẹ̀lé mi, ó ń pè mí, àwọn èèyàn ń wò wá. Títí dòní, bí mo bá rántí pé òun nìkan ló gbé àpótí yẹn láti ilé dé títì, pẹ̀lú oyún, tí kò sẹ́ni tó bá a gbé e, oúnjẹ kì í wọlé fún mi dáadáa. Mùdá ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò sì fi í bú mi rí. Èmi ni mi ò tíì gbàgbé.

Bí a ṣe wọlé, ilé ti kún. Alhájì Bùsàírì ti dé, wọ́n jókòó lórí ẹní, láwàní funfun lórí, àwọn èèyàn ń gba àdúà. Mo sọ àpótí kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Bísímílàhì, mo sọ ti "ó ń mí," mo sọ ti ọ̀gán. Ẹnu Ìyá Àgbà là. Wọ́n fi ọwọ́ kan ètè ara wọn, bíi pé ẹran náà ṣì wà níbẹ̀.

"Àwọn wo ló jẹ ẹ́?"

"Gbogbo yín, Ìyá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní àkọ́kọ́ ni."

"Haa!"

Alhájì gbé ọwọ́ sókè. "Gbórí sókè. O gbàgbé Bísímílàhì ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀ fò ó?"

"Mo gbàgbé ni, Bàbá. Ìdùnnú ló gba ẹnu mi."

"Ṣé ọfà náà wọlé sí i lára, àbí ọ̀pá rẹ̀ ló kàn lù ú?"

"Ó wọlé, Bàbá. Ní ìhà."

"O sáré tẹ̀lé e, àbí o ń ṣeré lọ́nà?"

"Mo sáré. Ẹ̀gún mẹ́ta ni wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ mi."

Wọ́n fi ọwọ́ gba irùngbọ̀n wọn. "Ẹran tí ọfà pa lóko kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹran tó wà lórí ìso. Ọlọ́run kò ka ìgbàgbé sí ẹni tó gbàgbé lọ́rùn. Bí ọfà bá gún un kú kí o tó dé ibẹ̀, tí o kò sì jáfara, jíjẹ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kéwú nìyẹn." Wọ́n wò mí. "Ẹran rẹ mọ́. Ẹnu rẹ ni kò mọ́."

Ìyá Àgbà ló gbà á lẹ́nu wọn. "Ẹran mi mọ́? Ó mọ́, o sì lọ fi itan rẹ̀ ṣe sàráà fún ìkán?"

Alhájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ikùn wọn ń mì. Gbogbo ilé gbà á. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín, torí Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà rí i. Wọ́n dìde, wọ́n tú gèlè, wọ́n rìn lọ bá a. Wọ́n kúnlẹ̀. Èmi ò rí irú rẹ̀ rí, kí ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó.

"Ìyàwó mi, ohun tí mo sọ sí ọ kò yẹ ẹnu àgbà. Má bínú."

Àṣàkẹ́ ti wólẹ̀ kí wọ́n tó parí. "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, kí n má baà bí ọmọ tó ti hewú!" Ó ń sunkún, ẹ̀rín sì ń yọ nínú ẹkún náà.

Ìyá Àgbà di gèlè wọn padà. Wọ́n yíjú sí mi. "Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Èyí tó bọ́ yìí, ìwọ máa kó o. Gbé ọrun rẹ. Gbé apó rẹ. Gbogbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dé ni kí o dé. Kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kí o ní, 'Èmi ni mo jí ẹran, kì í ṣe Àṣàkẹ́.' Àṣàkẹ́, tẹ̀lé e, kí o rí i pé kò fo ilé kankan."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Ní ilé àkọ́kọ́, ohùn mi kéré bí ti ẹfọn, Àṣàkẹ́ sì wo ilẹ̀. Ní ilé kejì, àwọn ọmọ ti ń tẹ̀lé wa. Nígbà tí a fi máa dé kànga, Ràímì ti gbọ́, ó ti wá dúró sáàárín àwọn obìnrin, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. "Ọdẹ itan!" Orúkọ tó ń ronú látọjọ́ yẹn ti jáde nìyẹn. Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ibẹ̀, òun ló ṣáájú mi. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jáde o, ẹ wá gbọ́, ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu!"

Ilé tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tí etí wọn ti di. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń ya òwú. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ara mi le." Mo tún un sọ, mo pariwo. Wọ́n ní rárá, àwọn kì í ra ẹran láti ọwọ́ ọdẹ. Àṣàkẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ó lè mí.

"Wọn ò gbọ́," ló wí nígbà tó rí èémí gbà. "Ọkọ mi, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ ọ́ sí wọn létí."

Mo sọ ọrun kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́.